Wọ́n ní ká ṣe cross-linking fún ọmọ mi tó ní keratoconus: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìgbà yìí o. Ọ̀rọ̀ ojú Táyé ọmọ mi ló gbé mi wá. Ọmọ ọdún 15 ni. Láàárín ọdún kan àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la ti pààrọ̀ awò fún un. Tó bá gba tuntun lónìí, kò ní ju oṣù mélòó kan lọ tí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ní òun ò rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó. Bí iná mọ́tò bá ń bọ̀ lálẹ́, ó ní ṣe ló ń nírù, pé iná kan á di mẹ́ta mẹ́rin lójú òun. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mo rò pé òun ló fà á. Kò yí nǹkan kan padà.

Láti kékeré ni ojú ti máa ń yún un. Tí ọyẹ́ bá ti dé, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú títí á fi pọ́n bí ata. Àwọn ará ilé á ní àpólò ni, a ó ra oògùn ní kẹ́mísì, a ó kán an sí i, á rọlẹ̀, á tún padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà ojú ya àwòrán ojú méjèèjì, ó fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, ibì kan pupa, ibì kan búlúù. Ó ní keratoconus ni, àrùn tó ń jẹ́ kí awọ iwájú ẹyinjú máa fẹ́lẹ́, kó máa yọ síta, pé ti ojú òsì ti lọ jìnnà ju ti ọ̀tún lọ, ká tètè ṣe cross-linking. Ó ní wọn á ha awọ òkè ojú náà kúrò, wọn á kán oògùn sí i, wọn á tan iná sí i. Láti ìgbà tó ti sọ pé wọn á ha ojú ọmọ mi ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Bàbá wọn ní ká jẹ́ kó ṣe WAEC tán lọ́dún tó ń bọ̀ ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé ó máa ń dun èèyàn? Ṣé á ríran kedere lẹ́yìn rẹ̀, tí á lè bọ́ awò dànù? Ṣé a lè dúró?

Akọ̀wé Báńkì, Ìkẹjà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo ṣe ojú òsì ní 2018, mo ṣe ọ̀tún lọ́dún kejì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, nítorí èmi náà, ọ̀rọ̀ pé wọ́n fẹ́ ha ojú yẹn ló já mi láyà jù.

Wọn ò fún mi lóògùn oorun. Wọ́n kán oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora sí ojú náà, nígbà tó ṣe díẹ̀, bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, mi ò mọ̀. Wọ́n fi irin kékeré kan há ìpéǹpéjú kó má baà pa dé. Awọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ha yẹn fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, ibi tí wọ́n sì ti ha á kò fẹ̀ ju mìlímítà 9 lọ. Wọ́n ti ṣe é tán kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kán oògùn olómi yẹ́lò kan sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ síra wọn, fún ìṣẹ́jú 30. Riboflavin ni, fítámì B2 kan náà tó wà nínú ẹyin àti wàrà. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ojú mi bóyá oògùn náà ti wọlé, wọ́n tún wọn bí kọ́níà, awọ mímọ́ iwájú ẹyinjú, ṣe nípọn tó. Ìgbà náà ni wọ́n wá tan iná búlúù kan sí i, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 30 mìíràn nìyẹn. Ohun tó nira níbẹ̀ kò ju pé èèyàn ò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò. Orin ìyìn ni mo ń kọ nínú ọkàn mi títí wọ́n fi ní ó tán. Wọ́n fi lẹ́ǹsì rírọ̀ kan bò ó bí ìgbà téèyàn di egbò, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ilé ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí oògùn ìrora yẹn kúrò lójú, ó wá dà bíi pé ẹnì kan bu yanrìn àti ata gígún sí i. Omi ń dà. Mi ò lè wo iná ilé. Ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì le gan-an. Lọ́jọ́ kẹta ó ti ń rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n yọ lẹ́ǹsì náà, mo sì lajú. Oògùn ìrora tí dókítà bá kọ, ẹ rà á kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ má sì dúró dìgbà tó bá ń ké kẹ́ ẹ tó fún un. Ẹ ta kọ́tìnì tó nípọn sójú fèrèsé. Ẹ wá awò dúdú sílẹ̀. Kí ẹnì kan wà nílé tí á máa bá a kán oògùn, nítorí ẹni tí ojú ń dùn kì í lè kán an fúnra rẹ̀.

Ní ti ríríran, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi: fún oṣù kan àkọ́kọ́, ojú tí wọ́n ṣe burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìgbà téèyàn ń wo ọ̀nà láti ẹ̀yìn gíláàsì tí èéfín bò. Mo sunkún, mo ní mo ti fi owó ara mi ra àìsàn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ó padà síbi tó wà, nígbà tó fi di oṣù kẹfà ó sàn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Àwòrán tí mo yà lọ́dún yìí àti ti 2019, ọ̀kan náà ni. Ohun tí mo sanwó fún nìyẹn, pé kó dúró síbi tó wà.

Oníṣẹ́ Awò, Ìbàdàn

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ni mò ń ṣe. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má dúró de WAEC.

Kọ́níà ni awọ mímọ́ gaara tó bo dúdú ojú níwájú. Ó yẹ kó rí roboto bí ẹ̀yìn igbá. Lójú ẹni tó ní keratoconus, ibì kan ń fẹ́lẹ́ lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ń yọ síta díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí ṣómúṣómú bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Ìdí nìyẹn tí iná mọ́tò fi ń nírù. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó já sójú kan ń fọ́n ká. Awò ò sì lè tún un ṣe tán, nítorí awò á dọ́gba, ojú yẹn ò dọ́gba mọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ilé aláṣọ òfì ni wọ́n bí mi sí, bí mo sì ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ mi nìyí. Ẹ wo òfì tí wọ́n ta òwú rẹ̀ lóòró, tí òwú ìbú ò há a dáadáa. Bí ẹ bá ń fà á, ṣe ni á máa fẹ̀. Kọ́níà náà, òwú ló kún inú rẹ̀, tín-ín-rín tín-ín-rín, ó sì ń tú. Ohun tí riboflavin, iná UV (iná búlúù tí Akọ̀wé sọ yẹn) àti ọ́síjìn jọ ń ṣe ni pé wọ́n ń so òwú kan mọ́ èkejì kí aṣọ náà lè le, kó má fẹ̀ mọ́. Wọn ò tún aṣọ tó ti fẹ̀ hun o. Ibi tí wọ́n bá a ni wọ́n ti ń dá a dúró.

Ẹ wá wo ohun tí ìdúró máa ń fà. Keratoconus tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 12, 13, 15, eré ló ń sá. Lára ẹni ogójì ọdún, ó sábà máa ń ti rọ̀ fúnra rẹ̀, torí kọ́níà ń le bí a ṣe ń dàgbà. Fún irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, dókítà lè ní ká máa ya àwòrán láti oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́fà ná. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Kmax, òun ló ń sọ bí ṣóńṣó òkòtó náà ṣe mú tó. Bó bá fi dáyọ́pítà kan (ìwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń wọn agbára awò) ròkè láàárín ọdún kan, ó ń lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 tó ti pààrọ̀ awò lẹ́ẹ̀mẹta, kí la tún ń dúró dè? Ohun tó bá bàjẹ́ láàárín ìsinsìnyí sí WAEC, cross-linking ò ní dá a padà.

Ọ̀rọ̀ nínípọn tún wà níbẹ̀. Kọ́níà tí ara rẹ̀ dá máa ń tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 540 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣì nípọn tó 400 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ha awọ òkè, kí iná náà má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kọ́níà. Àwọn yẹn ò ń hù padà bí wọ́n bá kú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ẹni tí tirẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ wà, àmọ́ ọ̀nà ti há nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ yín dán wò. Dresden, ní Jámánì, ni Theo Seiler, Eberhard Spoerl àti Gregor Wollensak ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 2003 wọ́n gbé àbájáde jáde lórí ojú 23 lára èèyàn 22: gbogbo wọn ló dúró, ojú 16 nínú wọn tilẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2016.

Kí n má gbàgbé: ẹ mú Kẹ́hìndé náà lọ. Ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Ọmọ Yunifásítì, Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, kì í ṣe láti dẹ́rù ba Màmá. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó là á yé mi níbi tí mo ti ṣe é pé mo ṣì máa lo awò. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wa ní ojú mi á dá ṣáṣá. Mo gbà á gbọ́. Mo kó awò mi fún àbúrò mi kó fi ṣeré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mi ò tíì lè ka ìwé tó wà níwájú mi, mo sì gbà pé iṣẹ́ náà ò jẹ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi bínú kiri kí dókítà mìíràn tó gbé àwòrán méjèèjì síwájú mi, ti ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí, ó ní: wò ó, kò kúrò lójú kan.

Nítorí náà ẹ sọ fún Táyé kó tó gorí ibùsùn. Cross-linking dá a dúró ni. Ẹlòmíràn á rí i pé ojú sàn díẹ̀, torí ṣóńṣó yẹn lè rọlẹ̀, bóyá dáyọ́pítà kan, bóyá méjì. Kí èèyàn máà kà á sí ẹ̀tọ́.

Ohun tó wá jẹ́ kí n ríran ni lẹ́ǹsì. Kì í ṣe rírọ̀ tí wọ́n ń tà kiri o. Líle ni, wọ́n ń pè é ní scleral. Ó fẹ̀, ojú funfun ló ń jókòó lé, kò kan kọ́níà rárá. A ó bu omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún un sínú rẹ̀ ká tó wọ̀ ọ́, omi yẹn ló ń dí àwọn ibi gbágungbàgun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo jókòó sí ìta, mo ń wo igi máńgòrò kan. Mo rí ewé kọ̀ọ̀kan. Mi ò rò pé ojú èèyàn máa ń rí ewé kọ̀ọ̀kan láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìṣirò owó, ẹ kà á mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga ò gbọdọ̀ kàn án láé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un pé kó lọ ṣe LASIK kó lè bọ́ awò, kó sá. LASIK ń gé lára kọ́níà. Èyí tó ti ń fẹ́lẹ́, ẹ tún fẹ́ gé e?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn. Ó ṣì ń mi orí. Táyé gan-an ní kí n béèrè: ó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún ilé ìwé wọn, ṣé ìyẹn ti parí?

Ìyá Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Mọ̀mí, ẹ sọ fún Táyé pé Steph Curry, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní keratoconus. Ó sọ ọ́ fún ayé ní 2019, lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo lẹ́ǹsì. Ó ti gba ife ẹ̀yẹ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn, kó tó wọ lẹ́ǹsì, ó tún gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn cross-linking, yóò sinmi bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà ló máa sọ iye rẹ̀, á sì padà síbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ 13 nígbà tí wọ́n rí tirẹ̀. Dádì rẹ̀ náà ní ká dúró. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ láàárín wa ni ìwádìí kan tí wọ́n ṣe níbí ní Ìlú Ọba, KERALINK ni wọ́n pè é, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021. Àwọn ọmọ 60, láti ọdún 10 sí 16, tí keratoconus ń tẹ̀ síwájú lójú wọn. Wọ́n ṣe cross-linking fún apá kan, apá kejì ń lo awò àti lẹ́ǹsì. Lẹ́yìn oṣù 18, nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún, ìdá 7 nínú 100 ni tiwọn ṣì lọ síwájú. Nínú àwọn tí wọn ò ṣe é fún, ìdá 43. Dádì rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìwé sílẹ̀, ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n fún wa?

Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì yẹn fún bàbá Táyé. Ẹ rí i pé 7 kì í ṣe òfo, ó lè má dúró lẹ́ẹ̀kan, pàápàá lára ọmọdé, ìdí nìyẹn tí àwòrán ò fi ní tán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Tiwa, oṣù mẹ́fà mẹ́fà la ṣì ń lọ.

Ọ̀dọ̀ wa, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ṣe é, a ò san kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé ti ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń béèrè owó, ẹ béèrè bóyá ojú kan ni tàbí méjèèjì, bóyá àwòrán, oògùn àti ìpadàwá wà nínú rẹ̀. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan la ṣe, kó lè máa fi ìkejì ríran. Ìbẹ̀rẹ̀ ọlidé la bọ́ sí i, mo sì kọ̀wé sí ilé ìwé pé kí wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá títí di àárín táàmù.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ọdún 1991 ni wọ́n sọ fún mi pé keratoconus ni. Kò sí cross-linking nígbà náà. Wọ́n fún mi ní lẹ́ǹsì líle kékeré, ó ń já bọ́ nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á kúnlẹ̀ máa bá mi wá a nílẹ̀. Ojú náà ń lọ. Ní ọdún keje, lọ́jọ́ kan ṣáá, ojú ọ̀tún funfun báláú bí ìgbà tí wọ́n da wàrà sí i. Ẹ̀yìn kọ́níà ló ya, omi inú ojú wọ inú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, àpá dúró sí àárín. Ó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ kọ́níà.

Ọdún mélòó ni mo fi dúró kí n tó rí i? Kọ́níà òkú ò pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, ẹ mọ bí àwa ṣe máa ń sọ pé a ò fẹ́ kí ẹni wa wọ ilẹ̀ láìpé ara. Nígbà tó yá mo rí i. Okùn tí wọ́n fi rán an wà lójú mi fún ọdún kan ó lé. Títí dòní mò ń kán oògùn, torí ara lè kọ̀ ọ́ nígbàkigbà: bí ojú bá pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún un, tí ìríran bá rẹ̀ sílẹ̀, tó bá ń dùn, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Mo ń ríran. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kú tó fún mi ní ojú, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, àti àwọn ará ilé rẹ̀ tó gbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá Táyé, bí ẹ bá ń gbọ́ tí wọ́n ń kà á, ọjọ́ mẹ́ta ìrora ni wọ́n ní kí ọmọ yín fi ra ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wá. Àìtètè-mólè, olè ń mólóko.

Dírẹ́bà, Ẹpẹ

Ẹ má bínú o. Èmi náà ní in, owó ò tíì sí. Ṣé mi ò lè máa lo fítámì B kí n máa jókòó síta? UV ṣáà wà nínú oòrùn.

Oníṣẹ́ Awò, Ìbàdàn

Dírẹ́bà, rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Èyí tẹ́ ẹ bá gbé mì, ìwọ̀nba kín-ún ló ń dé kọ́níà. Èyí tí wọ́n ń kán gan-an, awọ òkè ò jẹ́ kó wọlé, ìdí tí wọ́n fi ń ha á nìyẹn. Iná tiwọn náà, wíwọ̀n ni, wọ́n mọ bó ṣe lágbára tó àti ìṣẹ́jú tí á lò. Oògùn tó ti kún kọ́níà sì ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sọ́dọ̀, kó má baà dé inú ojú lọ́hùn-ún. Oòrùn kò ní ìwọ̀n, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á ba ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀ wà: ẹ yé fi ọwọ́ ra ojú. Lónìí. Mi ò sọ ọ́ bí ẹni sọ̀rọ̀ lásán, nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ fún àwọn tó ní in, èyí ló ṣòro jù fún wọn láti ṣe. Ẹ má sun dojú délẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Kẹ́ ẹ sì wá ya àwòrán kan, torí tó bá jẹ́ pé ẹ ti lé ní ogójì tí kò sì kúrò lójú kan, ó lè jẹ́ lẹ́ǹsì nìkan lẹ nílò. Ẹ dákun, ẹ má wa ọkọ̀ lóru títí ẹ ó fi mọ ibi tí ojú yín dé.

Àwọn kan á béèrè nípa èyí tí wọn kì í ha. Ó wà, ìrora rẹ̀ kéré, ojú tètè ń jinná. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, agbára rẹ̀ ò tó ti híha. Fún ọmọ ọdún 15, híha ni èmi á fi ọkàn tán. Èyí tí wọ́n ń fi iná tó lágbára jù ṣe fún ìṣẹ́jú 10 dípò 30 náà wà, ọ̀pọ̀ dókítà ń lò ó. Ẹ béèrè èwo ni tiwọn.

Alhaja, Òṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bi Álúfà yín kí ọjọ́ tó pé. Omi ò gbọdọ̀ wọ ojú náà ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ títí awọ á fi bò ó, àlùwàlá sì ń bẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Tèmi ní kí n ṣe tayamọ́mù, ìwẹ̀nùmọ́ tí kò lo omi, ọkàn mi balẹ̀. Kí ọmọ má sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dáná igi, kó má gé àlùbọ́sà, kó má gúnyán.

Nọ́ọ̀sì Yàrá Ojú, Adó-Èkìtì

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dára. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un jẹ mọ́ oògùn, ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù.

Ojú yíyún yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Bó bá ń yún un lẹ́yìn cross-linking, á rà á, á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Oògùn ojú yíyún tí a lè lò pẹ́ wà, dókítà á kọ ọ́. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tútù, lé ojú tó pa dé, ń rọ ojú. Èyí tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́mísì tó ń jẹ́ kó rọlẹ̀ kíá yẹn, ó ṣeé ṣe kí sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Ẹ mú gbogbo ìgò tó wà nílé lọ fi han dókítà, kó sì wọn ìfúnpá inú ojú ọmọ náà, torí sítẹ́rọ́ìdì tí kò sẹ́ni tó ń mójú tó lè fa gúlákómà, àrùn tó lè fọ́ ojú. Wọ́n máa fún un ní sítẹ́rọ́ìdì lẹ́yìn iṣẹ́ náà o, tòun ti oògùn tó ń pa kòkòrò. Ìyẹn ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó ń parí. Ẹ má fi ọjọ́ kan lé e.

Bí ojú bá dùn ún jù, á bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ wá oògùn tí wọ́n kán sí i ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ má wá a. Kì í jẹ́ kí awọ hù. Omi ọyàn, ìtọ̀, omi ṣúgà, adúrà tí wọ́n fi òróró ṣe: kí ohun kan má wọ ojú yẹn yàtọ̀ sí ohun tí dókítà kọ.

Ìrora tó ń dín kù lójoojúmọ́, ó dáa. Èyí tó ti dín kù tó wá tún le sí i, tí ojú pọ́n, tí ó ń ṣọyún, tàbí tẹ́ ẹ rí àmì funfun kan lójú dúdú, kòkòrò lè ti wọlé. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ẹ má sùn mọ́ ọn. Ẹ sì sọ fún wọn tí ara bá ti sú u rí lójú tàbí létè, irú àwọn èyí tó máa ń lé roro tó ń padà wá, torí iná UV lè jí i. Aboyún a máa dúró kó bímọ ná.

Akọ̀wé Báńkì, Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì yìí, ẹ kọ ọ́ sí ìwé kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí mo ti kọ nǹkan síbí.

A ti ṣe ojú òsì. Bàbá wọn ló gbé wa lọ. Alẹ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà fún un, kò sọ nǹkan kan, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ní kí n pe ọsibítù. Kọ́níà òsì jẹ́ 438 lẹ́yìn tí wọ́n ha á. Dókítà ní ká dúpẹ́ pé a ò jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ rí bí Akọ̀wé ṣe sọ ọ́, yanrìn àti ata. Mo so aṣọ dúdú mọ́ fèrèsé. Mo kọ wákàtí oògùn sára ògiri, Kẹ́hìndé ló ń kán an, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tèmi lọ. Ọjọ́ kẹrin Táyé béèrè ìrẹsì. Ọjọ́ kẹfà wọ́n yọ lẹ́ǹsì.

Ojú náà ṣì ń ṣe bàìbàì bíi kùrukùru, àmọ́ ẹ ti sọ ọ́ fún wa, a ò sì bẹ̀rù. Oògùn yíyún tí wọ́n kọ fún un ń ṣiṣẹ́. Ìfúnpá inú ojú rẹ̀ ga díẹ̀, ó jọ pé àwọn oògùn kẹ́mísì yẹn ni, wọ́n ń mójú tó o. Mo ti kó gbogbo ìgò wọn dànù.

Mo mú Kẹ́hìndé náà lọ. Kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ ojú rí, tirẹ̀ ò sì yún un tó ti Táyé. Àwòrán ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ń fi hàn díẹ̀. Díẹ̀ ni o, wọ́n ní kó padà wá lóṣù mẹ́ta kí wọ́n fi èyí wé tuntun. Mo jókòó sínú ọgbà ọsibítù, mo sunkún, mo nu ojú mi, mo rántí pé mi ò gbọdọ̀ máa rà á níwájú wọn.

Ojú ọ̀tún Táyé ló kù, ọlidé tó ń bọ̀ la fi sí. Tí a bá ti ya àwòrán òsì tuntun, mo máa padà wá sọ Kmax rẹ̀ fún yín. Kí wọ́n tó ṣe é, 56.2 ni.